Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì ní UNILAG: Ohun tó Yẹ kí Ará Ìkòròdú Mọ̀ kí Wọ́n tó Ra Fọ́ọ̀mù

Láti Ìgbogbo títí dé Ìmọ́tà, bí JAMB bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè àwọn òbí kì í yàtọ̀: níbo ni ọmọ ti lè kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì ìjọba? UNILAG ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà dára. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ gbé e ni kì í wọlé, nítorí pé kò sẹ́ni tó bá wọn ṣírò ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó yan ibẹ̀.

Orí ìwé ẹ̀rí girama ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń wò: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. D7 kan ṣoṣo nínú Físíìsì ti tó láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tó gba A1 nínú mẹ́rin yòókù. Ní JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì ni kó mú. Ibí ni àwọn tó ń bá ọmọ kún fọ́ọ̀mù ní káfè ti máa ń ṣe é ní jàǹbá: wọ́n á gbọ́ pé Ìṣirò pọn dandan, wọ́n á wá fi Ìṣirò rọ́pò Físíìsì. Inú WAEC tàbí NECO ni Ìṣirò ti pọn dandan, kì í ṣe inú JAMB. UNILAG gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ yàn, máàkì JAMB rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 200. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi 200 yangàn o. Àyè láti jókòó ṣe Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, nìkan ni 200 fún un.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ro máàkì pọ̀. JAMB ló ni 50 nínú ọgọ́rùn-ún, Post-UTME ni 30, èsì girama ni 20. Ẹ pín máàkì JAMB sí 8. Ní ti èsì girama, A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 sì jẹ́ 2. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tó gba 280 ní JAMB: 35 nìyẹn. Ó gba 22 ní Post-UTME. Ó ní A1 méjì àti B3 mẹ́ta, ìyẹn 17.6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 74.6. Ọmọ kejì gba JAMB kan náà àti Post-UTME kan náà, ṣùgbọ́n C6 ló ní nínú gbogbo márààrún: 10 péré, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 67. Kí ọmọ kejì yìí tó lè bá èkíní dọ́gba, ó gbọ́dọ̀ fi máàkì 61 lé JAMB rẹ̀, kó gba 341! Ìdí nìyí tí owó lẹ́sìnnì fi wúlò ní SS2, kí WAEC tó dé, ju ìgbà tí JAMB ku oṣù méjì lọ.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ tún wà níbẹ̀. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì wà lára agbègbè tí UNILAG ń fi ojú àánú wò, àmọ́ ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá ni wọ́n ń kà. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìkòròdú tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Kogí kò lè fi ilé tí wọ́n ń gbé gba àyè ọmọ Èkó.

Bí ọmọ bá wọlé, Akọka ló ti máa lo 100 level, lórí àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìdí-Àràbà, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn, ni iṣẹ́ gidi ti ń bẹ̀rẹ̀. 200 level le. Anatomy (ẹ̀yà ara), Physiology (bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) àti Biochemistry (kẹ́míkà inú ara) máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì fi àṣà àkọ́sórí girama wọ inú wọn yóò rí i pé kò gbé òun dé ibì kankan. Ọmọ tó ń ya ìrìn ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn sórí ìwé fúnra rẹ̀, láì wo ìwé, ni ìdánwò kì í dẹ́rù bà.

Ohun tó gbé ibẹ̀ ga lójú wa ni pé LUTH, ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ UNILAG, wà níbẹ̀ gan-an. Ilé-ìwòsàn ńlá ni, wọ́n ti ń gba aláìsàn níbẹ̀ láti 1962, àìsàn tí akẹ́kọ̀ọ́ kà nínú ìwé láàárọ̀ ló lè bá pàdé ní wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án. Ẹ wo iṣẹ́ kékeré kan bíi fífa omi sí aláìsàn lára. Dókítà ní kí milílítà 500 wọlé láàárín wákàtí 4. Bí rọ́bà tí omi náà ń gbà kọjá bá jẹ́ èyí tí ẹ̀kán 20 ń di milílítà kan, akẹ́kọ̀ọ́ á sọ 500 di ìlọ́po 20, á pín in sí ìṣẹ́jú 240, á sì rí ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. Á gbé aago sókè, á máa kà á bó ṣe ń kán. Àmọ́ rọ́bà mìíràn wà tí wọ́n sábà máa ń lò fún ọmọdé, èyí tí ẹ̀kán 60 ń di milílítà kan. Bó bá jẹ́ òun ló wà níbẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣì ń ka 42, milílítà 42 péré ni yóò máa wọlé ní wákàtí kan, omi wákàtí 4 á di ti wákàtí 12. Ara ọ̀rá tí wọ́n fi wé rọ́bà ni wọ́n kọ iye ẹ̀kán sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ju ọ̀rá náà nù kó tó kà á ti wà nínú ewu, aláìsàn náà sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ìwé méjì ni ọmọ ń lé. Yunifásítì ló ń fúnni ní B.NSc, ìyẹn dìgírì nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn ọdún 5. Àjọ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, NMCN, ló ń fúnni ní RN, ìwé àṣẹ tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú índẹ́ẹ̀sì àjọ náà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì sí, kò lè jókòó fún ìdánwò wọn, iye ọmọ tí àjọ sì fọwọ́ sí fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní òǹkà. Nítorí náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ yòówù, ẹ béèrè bóyá àjọ ti fọwọ́ sí i, kí ẹ tún béèrè ìgbà tí wọ́n máa fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́. Ẹ má sanwó kankan kí ẹ tó gbọ́ ìdáhùn tó ṣe kedere.

Ọdún 5 yẹn kì í sì í dúró ní 5 nígbà gbogbo. Yunifásítì ìjọba ni, ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìwé, ọdún kan internship wà, NYSC sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń wo ìlú òyìnbó náà ní láti mọ̀ pé láti oṣù kẹta 2024, NMCN ń béèrè iṣẹ́ ọdún 2 lẹ́yìn ìwé àṣẹ kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé ẹni fún orílẹ̀-èdè mìíràn.

Nọ́ọ̀sì tó ti ní RN, tó ń ṣiṣẹ́ ní Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú tàbí ibòmíràn, lè gba ọ̀nà Direct Entry wọ 200 level, bí kírẹ́díìtì márùn-ún yẹn bá pé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn lè ti ilé kẹ́kọ̀ọ́, ní ètò B.NSc fún àwọn tó ti jẹ́ RN.

Ní ti owó, iye tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san gòkè gan-an ní 2023. NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìsí èlé: wọ́n á san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún yunifásítì, wọ́n sì ń fún ọmọ ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ìnáwó. Kí orúkọ orí BVN, NIN àti ti JAMB bára mu. Lẹ́tà kan tó yàtọ̀ lè dá fọ́ọ̀mù dúró.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ máa ti Ìkòròdú lọ kó tún padà wá lójoojúmọ́. Lóòótọ́ BRT wà, èèyàn lè sọ̀ nítòsí Ojúẹlẹ́gba kó wọ ọkọ̀ Ìdí-Àràbà, ṣùgbọ́n gosiloo Mile 12 àti Kẹtu kò mọ̀ pé wọ́ọ̀dù ń dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì tó lo òru gbọ́dọ̀ fa aláìsàn kọ̀ọ̀kan lé ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì dé lẹ́yìn ìyẹn ti pàdánù ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ náà. Ẹ wá họ́sítẹ́ẹ̀lì tàbí yàrá sí Ìdí-Àràbà, Súrùlérè tàbí Ìtirè, ó pẹ́ tán, láti 200 level.