Àpótí àwo kan láti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù: ojú kejì ni mo tìtorí ẹ̀ rà á

Ní ọdún 1986, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lewisham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, fi kásẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí wa ní Ìbàdàn. Orí rédíò ló ti gba àwọn orin inú rẹ̀ sílẹ̀, kò sì kọ orúkọ orin kankan sára páálí rẹ̀. Orin kan wà níbẹ̀ tí béèsì àti ìlù rẹ̀ máa ń dá rìn fún ìgbà pípẹ́. Akọrin á dákẹ́, a ó rò pé orin ti tán, àfi kí ohùn tún yọ lójijì bí ẹni tó lọ pọnmi tó sì padà dé. A lo kásẹ́ẹ̀tì yẹn títí tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀ fi já.

Nígbà tí èmi náà dé Lọ́ńdọ̀nù, mo fẹnu kọ orin yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn kí ẹnì kan tó dá a mọ̀. “Walking into Sunshine” ni, ti ẹgbẹ́ Central Line, tó jáde ní 1981. Inú mi dùn dé gongo. Mo wá a lórí fóònù, mo tẹ̀ ẹ́, ó dún, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ohùn kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ibi tí mo fẹ́ràn jù kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì, remix ni, ìyẹn orin tí ẹlòmíràn tún pò. Larry Levan, DJ ilé ijó Paradise Garage ní New York, ló tún orin náà pò, orí àwo ńlá oní-ínǹṣì 12 ló sì wà.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ra àpótí yìí nínú oṣù kẹta. Àwo 22 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ single oní-ínǹṣì 12 (àwo tó ń gbé orin kan tàbí méjì sí ojú kan) ti àwọn olórin soul àti hip-hop ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1981 títí dé 2002. £60 ni mo san fún ẹnì kan tó ń ta àwo àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó tí wọ́n fi gbé e wá sílé wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbọ́ wọn kí n tó jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ọjà fúnra rẹ̀. VG+ ni olówò náà kọ sára gbogbo wọn. Àwọn tó ń ra àwo mọ̀ pé ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé wọ́n ti lò ó, ṣùgbọ́n kò ní àbùkù tó máa dí etí lọ́wọ́. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mẹ́rin ń ta pàrà-pàrà bí àgbàdo lórí iná, síbẹ̀ wọ́n ń kọrin. Ọ̀kan ti tẹ̀ bí abọ́, abẹ́rẹ́ kò lè dúró lórí rẹ̀. Mo kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ojú ọ̀nà ló ti bàjẹ́, kò sì dá kọ́bọ̀ padà. Ó dùn mí, nítorí àwo yẹn wà lára àwọn tí mo ń retí jù. Mẹ́rin nínú ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún ọjà yìí, ìràwọ̀ tó kù sì wà lọ́wọ́ àwo tó tẹ̀ yẹn.

Mo fi omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ múlọ́múlọ́ wẹ gbogbo wọn, mo ṣọ́ra kí omi má kan bébà tó wà láàárín wọn. Idọ̀tí tó jáde lára àwo ẹgbẹ́ Soul II Soul nìkan pọ̀ débi pé omi náà dúdú. Ẹ máa wo àárín àwo kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́ lé e, nítorí òmíràn fẹ́ kí ẹ̀rọ yí i ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, òmíràn 33. Mo fi àṣìṣe gbé ọ̀kan tó jẹ́ 45 sórí 33, ohùn obìnrin di ti bàbá àgbà tó ń sùn.

Ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè béèrè pé kí la fẹ́ fi àwo ńlá ṣe. Àwo LP máa ń kó orin mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ojú kan, nítorí náà ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ gbọ́dọ̀ há mọ́ ara wọn. Lórí single oní-ínǹṣì 12, orin kan tàbí méjì ló ni gbogbo ojú náà. Ipa abẹ́rẹ́ fẹ̀, béèsì rí àyè yan, ìró náà sì le ju ti LP lọ. Àwọn DJ ni wọ́n ṣe é fún, ilé ijó ló wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é. Ó ṣeé gbọ́ nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún aládùúgbò.

Àwa tí a dàgbà nídìí àwo Ebenezer Obey àti Sunny Adé, kò yẹ kí orin gígùn yà wá lẹ́nu. Ojú kan LP wọn lè lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdánu dúró: kí olórin dákẹ́, kí gìtá gbà á, kí gángan gbà á lọ́wọ́ gìtá, kó tó padà sórí ẹni tí wọ́n ń kì. Ọjọ́ tí mo gbé abẹ́rẹ́ lé remix Levan, mo mọ ohun tó ń ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń fún ìlù láyè kó sọ tirẹ̀. Nígbà tí ohùn tún yọ, mo ti wà nínú pálọ̀ wa ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà nílé pẹ̀lú wa ń jó lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó dìde.

Èyí tó tẹ̀ lé e nínú ọkàn mi ni “Mama Used to Say” ti Junior Giscombe, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Ìmọ̀ràn ìyá ló dá lé: kí ọmọ má kánjú dàgbà. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1981, àwọn ará ilé kò kà á sí. Tee Scott, DJ kan ní New York, tún un pò, Amẹ́ríkà gbà á mọ́ra, ìgbà náà ni Bìrìtéènì tó gbà á, tó sì gun ipò keje lórí àtẹ orin níbẹ̀ ní 1982. A ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, tó jẹ́ pé ìgbà tó ti ìdálẹ̀ dé ni wọ́n tó bọ̀wọ̀ fún un nílé. Ẹ gbọ́ béèsì rẹ̀ lórí àwo ńlá, ó ń fò bí ọmọdé tó ń fo okùn.

Ẹ̀yin náà ó ti kíyè sí i pé New York ni wọ́n ń gbé àwọn orin Lọ́ńdọ̀nù wọ̀nyí lọ tún pò. Òpópónà King Street ni Paradise Garage wà ní New York nígbà náà. Òpópónà tó ń jẹ́ King Street náà ni Africa Centre wà nígbà yẹn ní Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Jazzie B àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń gbé ẹ̀rọ orin wọn kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí Soul II Soul tó di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀. Ìgbà tí mo mọ èyí, mo rẹ́rìn-ín, mo sì wọ ọkọ̀ lọ wo ibẹ̀.

Ti Soul II Soul gan-an, gbogbo èèyàn ló mọ “Back to Life”, Caron Wheeler ló kọ ọ́, ó sì gun ipò kìíní ní Bìrìtéènì ní 1989. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé èyí tó wà nínú àwo “Club Classics Vol. One” tó kọ́kọ́ jáde yàtọ̀ sí i pátápátá. Ohùn ló gba ibẹ̀ kan, ìlù kò dé bọ̀rọ̀. Orin tí a ń jó sí níbi ìgbéyàwó, orí single ló ti jáde. Ẹni tó bá ra LP nítorí orin yẹn nígbà náà yóò wá ìlù títí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wá kì í ṣe òun. “Fairplay” ni, single wọn àkọ́kọ́, 1988, ohùn Rose Windross. Kò gbajúmọ̀ tó àwọn yòókù, ó sì dùn mọ́ mi ju gbogbo wọn lọ: ó ṣì ní òórùn gbọ̀ngán ijó lára.

Kì í ṣe gbogbo remix ló dára o. “Hangin’ on a String” ti ẹgbẹ́ Loose Ends gun òkè àtẹ orin R&B Amẹ́ríkà ní 1985. Frankie Knuckles, DJ ará Amẹ́ríkà, tún un pò ní 1992, remix náà sì wà nínú àpótí yìí. Mo bọ̀wọ̀ fún Knuckles púpọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ní tèmi, ìlù ẹ̀rọ tó ń kán tó, tó, tó nínú ti àkọ́kọ́ ni ẹ̀mí orin náà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ìlù house, irú orin ijó kan, dípò rẹ̀, orin náà di ti gbogbo ayé, kò jẹ́ ti Loose Ends mọ́.

Ní ti hip-hop, àwo méje péré ló wà níbẹ̀. “Money Mad” ti ẹgbẹ́ London Posse, 1988, ni mo kọ́kọ́ gbé sórí ẹ̀rọ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ń fi ohùn Amẹ́ríkà ṣe ráàpù, Rodney P àti Bionic fi ohùn àdúgbò wọn sọ̀rọ̀, Jàmáíkà pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó dé lẹ́yìn wọn gbà.

Lára àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ni Blak Twang, Tony Ọlábọ̀dé, ọmọ Deptford ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Ọdún 1996 ló ṣe àwo kan tó pè ní “Dettwork SouthEast”, wọ́n kó o pamọ́, kò sì jáde títí di 2014. Ọmọ wa ṣe iṣẹ́ ńlá, iṣẹ́ náà sì fi ọdún méjìdínlógún wà nínú òkùnkùn! Èyí tó wà nínú àpótí tèmi ni “Trixstar”, 2002, tí òun àti akọrin Estelle jọ ṣe, kí Estelle tó di ẹni tí Amẹ́ríkà mọ̀. Àwo hip-hop sábà máa ń gbé ìlù lásán sí ojú kejì, láìsí ohùn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí mo ti ń bẹ̀ pé kó máa sọ Yorùbá nínú ilé, fi ọ̀kan nínú àwọn ìlù yẹn ka oríkì tí màmá mi kọ́ ọ. Ó ṣi ohùn níbi méjì. Mi ò tún un ṣe.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn yòókù. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn kò yẹ ní rírà. Ṣùgbọ́n ẹ má fo “Sexy Cinderella” ti Lynden David Hall. Nígbà tó jáde ní 1997, kò dé ibi kankan. Wọ́n tún un gbé jáde lọ́dún kejì, ó wá gun òkè. Àrùn jẹjẹrẹ pa á ní 2006, ọmọ ọdún 31. Ohùn rẹ̀ tútù bí omi àmù.

Tí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń lu àwo, ẹ má kọ́kọ́ ra àpótí bí èyí. Ẹ ra ẹ̀rọ àti abẹ́rẹ́ tó dára ná, nítorí abẹ́rẹ́ tó ti kú máa ń ha àwo. Tí ẹ bá ní in, ẹ ní kí olówò ya fọ́tò ojú méjèèjì àwo kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná, kí ó sì gbé e dúró ní ìbú kí ẹ lè rí bóyá ó tẹ̀. Èmi ò béèrè.

Èyí tó tẹ̀ yẹn, “You Can’t Hide (Your Love from Me)” ni, ti David Joseph, 1983, Levan náà ló tún un pò. Mo fi sáàárín gíláàsì méjì, mo gbé Bíbélì ńlá àti àpò ìrẹsì lé e. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní àná, abẹ́rẹ́ ṣì fò ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ààrin lọ, ó dúró, mo sì gbọ́ ọ dé òpin.