Ọfà igi tàbí ọfà kábọ́ọ̀nù: èwo ló bá ọrun yín mu?

Ẹni tó bá ní ọrun onígi, tí kò ní kẹ̀kẹ́ létí, tí kò sì ní ohun ìfojúsùn lára, oríṣi ọfà méjì ló máa ń bá pàdé lọ́jà: ti igi, pàápàá kédárì, àti ti kábọ́ọ̀nù. Ti owó kò le: àwọn méjèèjì ní pọ́ọ́kú, wọ́n sì ní gọbọi.

Ohun tó jẹ mí lówó ni spine, ìyẹn bí ọfà ṣe le tó. Bí a bá tú ọsán sílẹ̀, ọfà kì í lọ tààrà. Ara ọrun wà lójú ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà yóò tẹ̀, yóò yí i kọjá, kó tó na ara. Èyí tó le jù kò ní tẹ̀ tó, yóò gbá ara ọrun, yóò sì yà. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, ọfà líle ń yà sí òsì, èyí tó rọ̀ jù ń yà sí ọ̀tún.

Wọ́n kọ 40 pọ́n-ùn ní 28 íǹṣì sára ọrun mi, ìyẹn agbára rẹ̀ bí a bá fa ọsán dé 28 íǹṣì. Mo ra kábọ́ọ̀nù méjìlá tí nọ́ńbà spine wọn jẹ́ 400, mo rò pé nígbà tó kéré sí 600, ó máa rọ̀ jù ú lọ. Òdìkejì ni. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ọfà ṣe tẹ̀ tó nígbà tí wọ́n so ìwọ̀n mọ́ ọn láàárín: 400 tẹ̀ ní 0.4 íǹṣì, 600 tẹ̀ ní 0.6. Ẹni tó tà á fún mi rí ọrun lọ́wọ́ mi, kò bi mí léèrè kankan. Apá mi kò sì gùn, 26 íǹṣì ni mò ń fà á dé. Íǹṣì kan tí a kò fà ń dín bíi pọ́n-ùn méjì sí mẹ́ta, nítorí náà ọrun 40 di bíi 35 lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọfà ń yà sí òsì bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn èèpo iṣu. Mo wá gé wọn ní íǹṣì méjì-méjì, àfi bí ẹni pé gígùn ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọfà tí a bá gé, líle ló ń le sí i! Wọ́n ní ọfà kan ṣoṣo tó Ọ̀ṣọ́ọ̀sì; èmi ní méjìlá, n kò rí ọ̀kan lò.

Ti igi kò gba irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Pọ́n-ùn ọrun ni wọ́n ń kọ sí i: 35-40, 40-45. Ẹ sáà ti mọ iye tí ẹ ń fà lóòótọ́.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ kọ́kọ́ ra mẹ́ta péré, ẹ má gé wọn. Ẹ bọ́ ìyẹ́ ọ̀kan, kí ẹ ta á pẹ̀lú àwọn tó ní ìyẹ́ láti bíi mítà 15. Bí aláìníyẹ̀ẹ́ bá balẹ̀ sísàlẹ̀, ibi tí ẹ ń fi ọfà sí lára ọsán ga jù. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná. Lẹ́yìn náà, bó bá yà sí òsì, ẹ fi orí tó wúwo sí i. Bó bá yà sí ọ̀tún, ẹ fi èyí tó fúyẹ́ sí i, tàbí kí ẹ gé e ní ìdajì íǹṣì. Ọlọ́wọ́ òsì yóò yí i padà.

Òjò kì í ṣe kábọ́ọ̀nù ní nǹkan, igi a máa wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán lè nà án. Kábọ́ọ̀nù tó bá sán a máa gún ni lọ́wọ́ bí ẹ̀gún, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ta á. Ìyẹ́ ẹyẹ ni kí ẹ lò fún méjèèjì, oníke ń gbá ara ọrun. Ìwúwo igi sì ń dáàbò bo ọrun onígi. Ní Ìlú Ọba níbí, Archery GB, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ọfà títa, kò gba ọfà mìíràn fún ìdíje longbow, ọrun gígùn onígi, bí kò ṣe ti igi.

Ẹni tó ń ta lójò, tó sì ń sọ ọfà nù nínú igbó, kó ra kábọ́ọ̀nù, 600 tàbí 700 bí agbára ọrun rẹ̀ bá rí bíi tèmi, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Kédárì 35-40 ló wà nínú apó mi báyìí. Méjìlá àkọ́kọ́ náà kò ṣòfò tán: wọ́n ń gbé tòmátò dúró lẹ́yìnkùlé.