Bí mo ṣe forúkọ sílẹ̀ fún Medicare nígbà tí mo pé 65

Ní 2025 ni mo pé ọmọ ọdún 65, ọdún yẹn náà ni mo sì gba Medicare, inṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwa àgbà. Mo rí i pé ìforúkọsílẹ̀ rọrùn ju bí àwọn èèyàn wa níbí ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ìpinnu tó tẹ̀ lé e gan-an ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ ṣe, torí pé ó ní gbèdéke, bí gbèdéke náà bá sì ti kọjá, kì í sábà padà wá.

Social Security, àjọ ìjọba tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, ló ń gba orúkọ sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ssa.gov, ni mo ti ṣe tèmi. Mi ò tíì máa gba owó ìfẹ̀yìntì, ìyẹn ò sì dí mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ń gba owó Social Security fún oṣù 4 ó kéré tán kó tó pé 65, wọ́n á fi káàdì ránṣẹ́ sí i láìjẹ́ pé ó béèrè. Ẹni tí kò bá tíì máa gbà á ló gbọ́dọ̀ lọ béèrè. Oṣù 7 ni wọ́n fún wa: oṣù 3 ṣáájú oṣù ọjọ́ìbí, oṣù ọjọ́ìbí fúnra rẹ̀, àti oṣù 3 lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò dúró kí oṣù ọjọ́ìbí mi dé, nítorí náà Medicare mi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù yẹn gan-an. Ìbéèrè wọn ò pọ̀, ó sì yéni.

Nínú Medicare, Part A wà fún ìgbà tí wọ́n bá dá èèyàn dúró sí ọsibítù. Part B ló ń san ti dókítà, ti àyẹ̀wò, àti ti ìtọ́jú tí a ń gbà tí a ń padà sílé. Mi ò san nǹkan kan lóṣooṣù fún Part A, torí pé ó ti lé ní ọdún 10 tí wọ́n ti ń yọ owó orí Medicare nínú owó iṣẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tí ọmọ mú wá sí Amẹ́ríkà kò ní ọdún 10 yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn. Ọ̀nà kò dí mọ́ wọn o: ẹni tó bá ní gíríìn káàdì, tó ti pé 65, tó sì ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún 5 láì já, lè gba Part B, ó sì lè fowó ra Part A mọ́ ọn. Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ pé ọdún 10 tún lè gba Part A lọ́fẹ̀ẹ́ lórí iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀.

Dọ́là 185 lóṣù ni Part B ní 2025. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó gbà á, láìní inṣọ́ránsì láti ibi iṣẹ́ tí òun tàbí ẹnì kejì rẹ̀ ṣì ń ṣe, ìtanràn ìdá 10 nínú 100 ni wọ́n ń fi kún un fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tó bá fi pẹ́, á sì máa san án títí lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ rèé. Lẹ́yìn tí a bá ti san dọ́là díẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Part B ń san ìdá 80 nínú 100, ìdá 20 tó kù tiwa ni, kò sì sí iye tó máa dé tí wọ́n á ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà láti bo ìdá 20 yẹn. Èkíní ni Medicare Advantage, tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń bójú tó. Owó oṣù tirẹ̀ lè jẹ́ òdo, wọ́n sì sábà máa ń fi ti eyín àti awò ojú kún un. Àmọ́ a ṣì ń san owó Part B, àwọn dókítà tó wà lórí ìwé wọn la máa lò, ìtọ́jú míì sì wà tí dókítà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn kó tó ṣe é. Ìkejì ni Medigap, inṣọ́ránsì àfikún tí a ń rà mọ́ Medicare, tó ń san ìdá 20 náà, tí a sì lè lọ sọ́dọ̀ dókítà yòówù tó bá gba Medicare.

Kí ọjọ́ìbí mi tó dé ni fóònù ti ń dún látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta Advantage, bẹ́ẹ̀ òfin kò gbà kí wọ́n pe ẹni tí kò sọ pé kí wọ́n pe òun. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Medigap nínú wọn. Ọ̀dọ̀ HICAP, tó ń dámọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Texas níbí, ni mo ti gbọ́ ọ yékéyéké: oṣù 6 péré, láti oṣù tí Part B ẹni tó ti pé 65 bá bẹ̀rẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ kankan tó ń ta Medigap kò fi lè kọ̀ wá tàbí bu owó lé wa nítorí àìsàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n lè kọ̀. Èmi tí mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ó hàn sí mi pé bí n ò bá mú un nígbà yẹn, mo lè má rí i mú mọ́. Plan G, ọ̀kan lára oríṣi Medigap tó wà, ni mo mú.

Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn Plan G ni ìrìn àjò ilé. Medicare lásán kì í san owó ìtọ́jú ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 60 àkọ́kọ́ ìrìn àjò, Plan G máa ń san ìdá 80 nínú 100 lẹ́yìn tí a bá ti san dọ́là 250, títí dé 50,000 dọ́là ní gbogbo ayé ẹni. Àwa tí a ń lọ sílé fún ìsìnkú àti ìgbéyàwó, nǹkan ńlá nìyẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Medicare lásán kò kan eyín, awò ojú àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, àwọn nǹkan tí àgbà nílò jù. Ti oògùn náà, ọ̀tọ̀ la ń ra Part D, ó sì ní ìtanràn tirẹ̀ fún ẹni tó bá pẹ́; àmọ́ láti 2025 wọ́n ti fi gbèdéke sí ohun tí a ń ná lápò ara wa lórí oògùn tó wà lórí ìwé wọn, 2,000 dọ́là lọ́dún yẹn. Ìyẹn tù mí lára gan-an.

Ọdún 5 ti ẹ̀gbọ́n mi máa pé láìpẹ́. A ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ, a sì máa béèrè lẹ́sẹ̀ kan náà fún ètò Medicare Savings Program, tí ìpínlẹ̀ fi ń bá ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré san owó Part B. Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí náà a máa ní kí Social Security wá ògbufọ̀ fún un. Wọn kì í gbowó fún ìyẹn.