Yúrò 35 mi àti ilé àwọn amí Stasi ní Berlin

Ẹyin ló kọ́kọ́ bí mi nínú. A wà nínú ọ́fíìsì Erich Mielke, ẹni tó jẹ́ olórí Stasi, iléeṣẹ́ amí ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì, láti 1957 sí 1989, ní Normannenstraße. Afinimọ̀nà wa rí káàdì kékeré kan tí akọ̀wé ya bí wọ́n ṣe máa to oúnjẹ àárọ̀ ọ̀gá sí: ibi tí ẹyin máa wà, ibi tí búrẹ́dì máa wà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi sọ̀rọ̀ ẹyin. Mo nawọ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn amí yìí ò rí i pé ìjọba wọn ti fẹ́ wó ni?" Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìyẹn ò sí nínú ètò wa." Ló bá kó wa lọ wo kámẹ́rà tí wọ́n fi pamọ́ sínú agolo ìbomirin.

Ìjábọ̀ ni mo ń kọ fún àwọn ọ̀gá ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè yẹn ló sì gbé mi wá. Yúrò 35 ni mo san fún àwọn tó ṣètò ìrìn náà, mi ò ní dárúkọ wọn. Afinimọ̀nà pẹ́ ìṣẹ́jú 25. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè wọ́n láti ibùdókọ̀ Magdalenenstraße. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọbìnrin kan ní, "Ó ti ń bọ̀, mà."

Nígbà tí wọ́n tú wa ká, mo padà sókè. Mo bi ìyá àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìbéèrè kan náà. Kò fèsì. Ó dìde, ó mú fáìlì kan wá, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ẹ̀ka ZAIG nínú Stasi ló kọ àwọn ìwé inú rẹ̀, àwọn tó ń kó òfófó jọ, tí wọ́n ń tú u palẹ̀ fún àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 1989, wọ́n ka ẹgbẹ́ alátakò bíi 160, èèyàn bíi 2,500 lápapọ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, wọ́n kọ ìdí tí àwọn ará ìlú fi ń sá lọ: ọjà tí kò sí, ilé ìwòsàn tí kò dáa, ìrìn àjò tí wọ́n fòfin dè, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í dá ará ìlú lóhùn. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ìwé! Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, Mielke fúnra rẹ̀ ti bi àwọn ọ̀gágun rẹ̀ bóyá 17 oṣù kẹfà máa bẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ìyẹn irú rògbòdìyàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe lòdì sí ìjọba ní ọdún 1953. Ọ̀kan nínú wọn ní kò lè ṣẹlẹ̀. Stasi ní òṣìṣẹ́ bíi 91,000, olófòófó bíi 189,000. Wọ́n ka orí, wọn ò mọ inú.

"Ní 9 oṣù kẹwàá ọdún yẹn," ni ìyá náà wí, "èèyàn bíi 70,000 jáde fi ẹ̀hónú hàn ní ìlú Leipzig." Ó pa fáìlì dé. "Mo wà níbẹ̀. Mi ò sí nínú 2,500 yẹn."

Mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo dì mọ́ ọn.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n dá ìdajì owó mi padà, wọn ò tíì fèsì.