Kọntírólà kẹ̀kẹ́ oníná: èyí tó ń lo sẹ́ńsọ̀ Hall àbí èyí tí kì í lò ó?

Kọntírólà ni àpótí tó ń darí iná tó ń lọ sínú mọ́tò. Mọ́tò tó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sábà máa ń ní wáyà ńlá mẹ́ta àti wáyà tín-ín-rín márùn-ún. Àwọn tín-ín-rín yẹn ni ti Hall, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ kékeré inú mọ́tò tó ń mọ̀ bí mágnẹ́ẹ̀tì bá kọjá: pupa ń gbé nǹkan bíi 5V wọlé, dúdú ni nẹ́gátíìfù, mẹ́ta tó kù ń sọ ibi tí mágnẹ́ẹ̀tì wà fún kọntírólà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbéra wẹ́rẹ́, kódà lórí òkè.

Èyí tí kì í lo Hall ń wo iná tí mọ́tò fúnra rẹ̀ ń mú jáde bó ṣe ń yí. Mọ́tò tó dúró kò mú nǹkan kan jáde, ló fi máa ń gbọ̀n jìgìjìgì kó tó gbéra, àfi tó o bá kọ́kọ́ tẹ pẹ́dà díẹ̀. Tó bá ti ń sáré, kò síyàtọ̀ gidi.

Ṣùgbọ́n ooru àti omi ń ba Hall jẹ́. Má yọ wáyà o. Tan kẹ̀kẹ́, fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kan wáyà dúdú àti ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, kó o rọra fọwọ́ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ó yẹ kó máa fò láti òdo sí bíi 5V. Tí kò bá fò, ó ṣeé ṣe kí Hall yẹn ti kú.

Tó o bá ń kẹ́rù, Hall ni kó o mú. Àmọ́ èyí tó lè ṣe méjèèjì wà lọ́jà, òun ni mo fẹ́ràn jù.