LibreOffice, OnlyOffice, WPS Office àti Google Docs: ìfiwéra fún ẹni tí kò fẹ́ san owó ọdọọdún

Ẹni tó ń ronú àtifi ohun-èlò ọ́fíìsì tí à ń sanwó fún, bíi Microsoft Office tó ní Word àti Excel nínú, sílẹ̀ ni mo kọ èyí fún, àti ẹni tó ti mú owó dání láti rà á, tó wá gbọ́ pé ọ̀fẹ́ wà. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí pé wọ́n lè kọ lẹ́tà, pé wọ́n lè ro owó pọ̀, tàbí pé wọ́n lè to sílàìdì. Kò sí èyí tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi san owó ọdọọdún kí n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró, ó sì ti di ọdún mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń lo LibreOffice lójoojúmọ́. OnlyOffice, WPS Office àti Google Docs náà kò jìnnà sí mi, nítorí pé àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kì í lo ohun kan náà. Kí ẹ tó wo ẹwà tàbí ìrọ̀rùn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé, lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ìwé tán, ta ni yóò ṣí i, kí ni yóò sì fi ṣí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ná mi lówó rí. Ní ọdún kejì tí mo bọ́ sínú ọ̀fẹ́, àwọn kan gbé ìròyìn ọdọọdún wọn fún mi pé kí n bá wọn kọ ọ́, kí n sì tò ó. Ojú ìwé 64 ni. Àkóónú wà níwájú pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé, àtẹ kọ̀ọ̀kan dúró sábẹ́ àkòrí rẹ̀, àyè ìfọwọ́sí sì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Mo fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi docx, irú fáìlì tí Word ń lò, mo sì fi ránṣẹ́. Àwọn tó gbà á ṣí i nínú Word, wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tẹ ẹ̀dà 40 jáde, wọ́n sì ti dì wọ́n. Ìgbà tí ọ̀kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo rí i pé ojú ìwé 64 ti di 67. Àkòrí àtẹ kan dá dúró nísàlẹ̀ ojú ìwé, àtẹ tó ni ín wà lẹ́yìn. Àkóónú ń júwe ojú ìwé 41 fún ohun tó ti kó lọ sí 43. Àyè ìfọwọ́sí sì dá nìkan wà lórí odidi ìwé funfun kan, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ta. Àpò ara mi ni mo ti yọ owó àtúntẹ̀.

Word kò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni LibreOffice kò jẹ̀bi. Èmi ni mo lo fọ́ńtì (ìrísí lẹ́tà) kan tí mo gbà sórí kọ̀ǹpútà mi nítorí pé ó wù mí, tí kò sì sí lórí kọ̀ǹpútà àwọn tó gba ìwé náà. Fáìlì docx kì í sábà gbé fọ́ńtì dání. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń gbé lọ. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní fọ́ńtì náà yóò mú òmíràn fi dípò rẹ̀, láìsí ariwo. Bí lẹ́tà adípò yìí bá fi díẹ̀ fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ tó parí ìlà yóò bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e, ìpínrọ̀ onílà mẹ́fà yóò di onílà méje, nígbà tí ẹ ó bá sì fi dé ojú ìwé 30, kò sí ohun tó wà níbi tí ẹ fi í sí mọ́. Èdè tó ń fi àmì sórí àti sábẹ́ lẹ́tà, bíi tiwa yìí, tún ní ìyà tirẹ̀ nínú ọ̀ràn náà, nítorí pé adípò lè má mọ ibi tí àmì ń jókòó sí.

Bí ìwé bá ń ti ọ̀dọ̀ Word bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ohun kan náà ló lè ṣẹlẹ̀. Láti ẹ̀dà 2007 ni Microsoft Office ti ń fi Calibri àti Cambria bẹ̀rẹ̀ ìwé, fọ́ńtì wọ̀nyí sì ní olówó, ẹlòmíràn kò lè kó wọn mọ́ tirẹ̀ lásán. Carlito àti Caladea ni LibreOffice kó dání dípò wọn. Ẹ pè wọ́n ní ìbejì wọn: ojú wọn lè má jọra délẹ̀, ṣùgbọ́n ìbú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bára mu, nítorí náà ìlà kì í yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn fọ́ńtì Liberation ṣe ń dúró fún Times New Roman, Arial àti Courier New. Lórí àwọn Linux kan, Carlito àti Caladea kì í bá LibreOffice wọlé fúnra wọn, ẹ ní láti fi wọ́n sí i. Aptos, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò Calibri ní 2023, ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ lónìí, nítorí pé ìbú lẹ́tà rẹ̀ kò bá ti Calibri mu, Carlito kò sì lè gbà á sílẹ̀.

Ohun méjì nínú LibreOffice ni ì bá ti gbà mí ká ní mo mọ̀ wọ́n nígbà náà. Ẹ wo àpótí orúkọ fọ́ńtì lókè ojú ìwé nínú Writer, apá LibreOffice tí a fi ń kọ ìwé: bí orúkọ náà bá fara hàn ní lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fọ́ńtì yẹn kò sí lórí kọ̀ǹpútà yín, adípò ni ẹ ń wò. Èkejì wà nínú mẹ́nù File, lábẹ́ Properties, ní abala Font, níbi tí àpótí kékeré kan wà tó ń jẹ́ kí fọ́ńtì bá ìwé rìn. Fáìlì yóò sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn sàn ju àtúntẹ̀ lọ. Word náà ní irú àpótí yìí nínú ètò ìfipamọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sanwó fún un kò mọ̀ pé ó wà.

N kò ní purọ́, OnlyOffice ló sún mọ́ Word jù nínú ọ̀rọ̀ bí ìwé ṣe ń dúró. Orí docx, xlsx àti pptx, irú fáìlì Word, Excel àti PowerPoint, ni wọ́n kọ́ ọ lé, nígbà tó jẹ́ pé ODF, irú fáìlì tó di ìlànà àgbáyé lọ́dọ̀ àjọ ISO ní 2006, ni èdè abínibí LibreOffice, tí docx sì jẹ́ èdè tó kọ́ nígbà tó dàgbà. Ìwé tó kún fún àpótí ọ̀rọ̀ àti àwòrán tó léfòó máa ń jókòó dáadáa nínú OnlyOffice. Síbẹ̀, fọ́ńtì tí kò sí, kò sí. Àìsàn tó mú mi yẹn lè mú un. Ẹni tó bá sì ní odt (ìwé ODF) àtijọ́ rẹpẹtẹ nílé yóò rí i pé ṣe ló ń yí wọn padà kó tó ṣiṣẹ́ lórí wọn. Fún ìwé gígùn, Writer máa ń jẹ́ kí n ṣe àwòṣe fún ojú ìwé fúnra rẹ̀, kí ojú ìwé àkọ́kọ́, ti òsì, ti ọ̀tún àti èyí tó dùbúlẹ̀ gbooro fún àtẹ ńlá ní ìlànà tiwọn, ohun tí n kò rí nínú OnlyOffice, tí Word alára kò sì ní.

WPS Office, tí ilé-iṣẹ́ Kingsoft ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe, jọ Word lójú débi pé ẹni tó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀ kò ní ṣìnà. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ ń gbé ìpolówó wá, àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí ẹ ó rí bọ́tìnì wọn ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn wọn kò ní ṣí àfi bí ẹ bá sanwó. Ẹnikẹ́ni lè yẹ kóòdù LibreOffice àti OnlyOffice wò. Ti WPS wà lọ́wọ́ oní-nǹkan. Lórí fóònù, ó ń ṣe dáadáa, LibreOffice kò sì lè bá a dù ú níbẹ̀.

Bí ẹni méjì tàbí mẹ́wàá bá fẹ́ máa kọ sínú ìwé kan ní àkókò kan náà, Google Docs ni, kò gba àríyànjiyàn. Ẹ kàn mọ̀ pé fọ́ńtì tó wà nínú àkójọ rẹ̀ nìkan ni yóò jẹ́ kí ẹ lò, pé 15 GB ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún yín ni fọ́tò àti ímeèlì yín náà ń jẹ nínú rẹ̀, àti pé fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí gdoc lórí kọ̀ǹpútà yín kò ní ìwé kankan nínú. Àdírẹ́sì ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí fláàṣì, tó sì gbé e lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé, òfìfo ló gbé. Ẹ sọ ọ́ di docx tàbí PDF kí ẹ tó gbéra.

Ní ti Apache OpenOffice, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń gbà sílẹ̀ nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ní 2010 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é jáde lọ dá LibreOffice sílẹ̀. Láti ẹ̀dà 4.1 ti 2014, àtúnṣe kéékèèké ló kù tó ń rí gbà, ó sì lè ṣí docx ṣùgbọ́n kò lè fi ìwé pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi docx.

Ẹ̀yin oníṣirò, ìlà 1,048,576 ni Excel ní lórí àtẹ kan, iye kan náà ni Calc ti LibreOffice ní, láti ẹ̀dà 7.4 ti 2022 ni òpó wọn pàápàá sì ti dọ́gba ní 16,384. Google Sheets ń ka àpótí ni, mílíọ̀nù mẹ́wàá ni òpin rẹ̀. Ohun tó lè dá yín dúró ni mákírò, àṣẹ kéékèèké tí a kọ sínú àtẹ kó lè máa dá ṣe iṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi VBA, èdè mákírò Excel, kọ máa ń ṣiṣẹ́ lápá kan nínú Calc, á sì kọ̀ lápá kan; JavaScript ni OnlyOffice ń lò, Apps Script ni ti Google. Bí iṣẹ́ yín bá dúró lórí mákírò tí ẹlòmíràn ti kọ láti ọdún pípẹ́, ẹ san owó Excel, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ sanwó, kó mọ̀ pé bí owó Microsoft 365, ìyẹn Office tí à ń san owó rẹ̀ lásìkò-lásìkò, bá tán tí kò tún un san, èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ kó ka ìwé rẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó tún un kọ. Word tí wọ́n ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kéré.

Ojú LibreOffice ti gbó díẹ̀. Àwọn tó kórìíra mẹ́nù rẹ̀ lè yí i padà sí ti Word lábẹ́ View, ní User Interface.

Mo gbà pé olúkúlùkù ní ibi tó bá a mu: OnlyOffice fún ẹni tí docx ẹlòmíràn ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láti àárọ̀ dé alẹ́, Google Docs fún iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, WPS fún ẹni tó ń fi fóònù ṣiṣẹ́ tí ìpolówó kò sì ń bí nínú, LibreOffice fún ẹni tí ìwé rẹ̀ gùn, tó fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀ láìfi orúkọ sílẹ̀ níbìkan. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ mú ìwé tó nira jù lọ́wọ́ yín, èyí tó ní àtẹ, àwòrán àti àkóónú, kí ẹ fi ohun tuntun náà ṣí i, kí ẹ tún un fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi docx, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń lo Word, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ iye ojú ìwé tó rí fún yín. Tèmi tó di 67 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń dán gbogbo ẹ̀dà tuntun wò, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jáde ní 64.