Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń to àwòṣe ọkọ̀ ogun ní Èkìtì: páálí tí a fi ọ̀rá dì kì í ṣe ẹ̀rí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń to àwòṣe ọkọ̀ ogun, tí a sì jọ ń kùn wọ́n lọ́dà, ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìkọ̀lé àti níbikíbi tí ẹ bá wà ní Èkìtì, mo kí yín o. Ọkùnrin kan wà ní Èkó tí ó ń ta kíìtì, ìyẹn páálí ẹ̀yà ike tí a fi ń to àwòṣe, àti ọ̀dà, tí ó ń fi ẹrù rán àwọn awakọ̀ gáréèjì, tí ó sì máa ń pe oníbàárà ní "ẹ̀gbọ́n mi àtàtà". Ẹ má ṣe ra ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. N kò dárúkọ rẹ̀ síbí, nítorí pé orúkọ tí ó fi ń ṣòwò kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ó sì lè ti mú òmíràn báyìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka bí ó ti ṣe é, ẹ ó dá a mọ̀ nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ yín.

Ohun tí mo ní kí ó bá mi wá kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní ni Tiger I, táǹkì Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ti Tamiya, ilé iṣẹ́ Japan tí ń ṣe kíìtì, ní ìwọ̀n 1/35 (ìdá kan nínú 35 ti gidi), nọ́ńbà 35216, èyí tí wọ́n ṣe ní àwòrán Tiger ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ọ̀dà Tamiya: XF-60 fún àwọ̀ ìyeyè ṣíṣú tí àwọn ọmọ ogun Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọkọ̀ wọn láti 1943, àti XF-1 tí í ṣe dúdú. Ẹ̀kẹta kì í ṣe tèmi rárá. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa tí ó ń kàwé ní Ìkọ̀lé ni ó kó owó fún mi pé kí n bá òun ra Scorpion, táǹkì kékeré kan, ti ilé iṣẹ́ kíìtì AFV Club, nítorí pé irú ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, ó sì fẹ́ kùn ún ní àwọ̀ tiwa. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 125,000 náírà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo san án. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀, kí ọjà tó kúrò ní Èkó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ, pé àgbàlagbà bíi tèmi kò yẹ kí ó kó owó fún ẹni tí kò rí rí. Ẹ dákun, ibo ni ẹ ti rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kíìtì Tamiya ní Adó? Bí ẹ bá yí gbogbo Ọjà Ọba po, ọkọ̀ ìṣeré tí àwọn ọmọdé ń fi okùn fà ni ẹ ó rí. Kì í sì í ṣe pé n kò ṣe ìwádìí. Mo bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ́ títí lórí fóònù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó rán mi létí pé Tiger tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1943 kò ní zimmerit lára, ìyẹn àpòpọ̀ tí wọ́n ń rẹ́ mọ́ irin kí bọ́ǹbù onímágínẹ́ẹ̀tì má baà lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà kí n má wulẹ̀ náwó lé ohun tí n óò fi ṣe é. Ẹni tí ó ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n má náwó! Ta ni yóò rò pé olè ni irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó ya àwòrán páálí náà níwá lẹ́yìn, ó ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ya ìdí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò yà ni inú rẹ̀, èmi náà kò sì béèrè, nítorí pé ọjà tuntun ni a jọ pè é.

Nígbà tí ẹrù dé gáréèjì, ọ̀rá ara rẹ̀ le dáadáa, kò sí ibi tí ó ti ya. Ìràwọ̀ méjì Tamiya ń dán lára páálí. Mo mì í, ó dún bí ó ti yẹ kí kíìtì dún. Mo gbé e lọ́wọ́, ó wúwo bí ó ti yẹ. Awakọ̀ ń wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yà mọ́tò ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó rẹ̀, mo lọ. Scorpion kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti ní yóò bá ọkọ̀ mìíràn bọ̀. Mo gbà á gbọ́. Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí mo fi gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá nínú páálí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kò tíì kúrò lójú mi. Férémù, ìyẹn igi ike tí àwọn ẹ̀yà so mọ́ kí a tó gé wọn, èyí tí ó wà lókè pátápátá jẹ́ ti Tiger lóòótọ́, òun ni ó fi bo ìyókù. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí férémù kẹ̀kẹ́, ike rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé ṣíṣú nígbà tí ti òkè jẹ́ àwọ̀ iyanrìn. Kẹ̀kẹ́ Tiger ìkẹyìn ni, onírin tí kò ní rọ́bà lẹ́nu, irú èyí tí wọ́n kò lò títí di 1944. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Tiger ìbẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pá mẹ́jọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí kẹ̀kẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta wà lórí ọ̀pá, ìyẹn 24 ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ti ìkẹyìn jẹ́ méjì-méjì, ìyẹn 16. Èyí tí ó wà níwájú mi kò tilẹ̀ tó ẹ̀gbẹ́ kan, ihò wọn kò sì gba ọ̀pá tí ó wà lára ìsàlẹ̀ táǹkì. Ìbọn ńkọ́? Ìbọn mílímítà 88 ti Tiger gùn, ẹnu rẹ̀ wú, ó sì ní ihò lọ́tùn-ún lósì tí èéfín ń gbà jáde. Ohun tí ọkùnrin yìí fi ránṣẹ́ kúrú, ẹnu rẹ̀ ṣe pẹrẹsẹ láìní ohunkóhun: ìbọn mílímítà 75 ti Sherman ni! Ó mú ìbọn Amẹ́ríkà, ó fi sínú páálí táǹkì Jámánì, ó sì gba owó lọ́wọ́ mi. Sítíkà tí a fi ń kọ nọ́ńbà sára túrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn orí táǹkì tí ìbọn wà lára rẹ̀, ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí mo ti rẹ ẹ̀ sínú omi ni ó fọ́ wẹ́wẹ́.

Kí wá ni ó ń wúwo? Férémù òfìfo ni, ẹ̀yin ará. Férémù tí ẹlòmíràn ti gé gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀, tí ó ti to táǹkì tirẹ̀ tán, tí ó yẹ kí ó ti dà nù. Ó ká wọn jọ sínú àpò ọ̀rá, ó fi sẹ́lótéèpù pa àpò náà dé, ó kó wọn sí ìsàlẹ̀ kí páálí lè wúwo kí ó sì lè máa dún. Nígbà tí mo rí sẹ́lótéèpù yẹn ni ó tó yé mi pé kì í ṣe àṣìṣe. Ènìyàn jókòó, ó ronú sí i, ó wọ̀n ọ́n. Ìyàwó mi wò ó, ó wo èmi náà, ó ní, "Ṣé ìdọ̀tí yìí ni o fi owó iṣu rà?" N kò rí ohun tí n óò fi dá a lóhùn.

Mo ní kò burú, ọ̀dà ṣì wà. Ìgò rẹ̀ jẹ́ ti Tamiya, ìdérí rẹ̀ jẹ́ ti Tamiya, bébà ara rẹ̀ pé. Mo dà díẹ̀ sínú ife, mo fi ọtí isopropyl sí i, èyí tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fi mú ọ̀dà Tamiya ṣàn kí ó tó wọ ẹ̀rọ ìfọ́nká. Ojú ẹsẹ̀ ni ó ṣù kókó bí èlùbọ́ tí a kò rò dáadáa. Ọ̀dà ògiri ni! Ọ̀dà ìmọ́ṣọ̀n tí àwọn kùnlé-kùnlé ń gbé sínú korobá ni ó rọ sínú ìgò kékeré, tí ó sì tà fún mi. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀ dáadáa ni, n bá ti mọ̀, nítorí pé ọ̀dà Tamiya a máa rùn bí ọtí, èyí ń rùn bí yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi kọjá kí n máa gbóòórùn nígbà yẹn. Ìgò kejì, èyí dúdú, n kò tilẹ̀ dán an wò. Mo gbé e jù sí ẹ̀yìnkùlé, mo tún lọ he é, nítorí pé ẹ̀rí ni.

Mo pè é. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí pé ilé iṣẹ́ ní Japan ni ó dì í bẹ́ẹ̀. Tamiya, tí wọ́n wà ní Shizuoka láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, tí wọ́n ń fi lẹ́tà sára férémù kọ̀ọ̀kan kí ó má baà sọnù, ni yóò fi ìbọn Sherman sínú Tiger, tí yóò tún gé férémù kí ó tó dì í, tí yóò sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́! Nígbà tí mo sọ èyí fún un, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní èmi ni mo pààrọ̀ ọjà náà, ó ní òun mọ irú wa, pé a ó ra tuntun, a ó fi àlòkù san padà. Ó pe èmi ní olè! Ó pa fóònù, ó sì dí mi lọ́nà kí n má lè pè é mọ́. Mo fi fóònù ẹlòmíràn pè é, ó gbé e, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, kí ni ẹ fẹ́ rà?"

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ọmọ Ìkọ̀lé. Owó tirẹ̀ ti wọ àpò gbájúẹ̀, èmi ni mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má dà á láàmú, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni." Ó sàn kí ó bú mi. Mo ti ń san án padà fún un díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi ipá mú mi. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé mo jẹ níbẹ̀, kí ẹ wá wo rìsíìtì tíránsífà kí ẹ tó la ẹnu. A ti jọ sọ pé ní 15 oṣù kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun, a ó to iṣẹ́ wa sórí tábìlì kan kí àwọn ènìyàn rí i, níwọ̀n ìgbà tí a ti jẹ́ ará ìlú Fájuyì. Mo ti gé pákó tí Tiger yóò dúró lé. Mo ti wọn sẹ̀ǹtímítà 24 sí i, nítorí pé Tiger gidi gùn tó mítà 8.45 pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, bí a bá sì pín in sí 35 ohun tí yóò kù nìyẹn. Èmi ni mo kéde rẹ̀ jù. Èmi ọmọ Èkìtì tí wọ́n ní a mọ̀wé!

Ní báyìí n kò gba olùtajà kankan gbọ́ mọ́, kì báà ṣe èyí tí ó wà ní Ìbàdàn tí kò tíì rẹ́ wa jẹ rí. Ta ni ó mọ ohun tí ó wà nínú èyí tí ó tà fún wa tí a kò tíì ṣí? Mo ti ṣí gbogbo páálí tí ó wà lórí àjà mi. Wọ́n pé, ṣùgbọ́n ìyẹn kò mú ọkàn mi balẹ̀.

Bí ẹ óò bá rà, ẹ ní kí olùtajà ya fídíò níbi tí ó ti ń gé ọ̀rá tí ó sì ń gbé férémù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, láìdá a dúró. Ẹni tí ó bá ní ṣíṣí yóò ba ọjà òun jẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà ara férémù bóyá ó bá ìwé àlàyé mu. Ẹ wo àwọ̀ ike. Ẹ ka kẹ̀kẹ́. Ẹ fi ọ̀dà kán sínú isopropyl. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Èkó, kí ó lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ṣí i níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sáré lọ sí báǹkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá olè ṣe àríyànjiyàn bí mo ti ṣe, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà, nítorí pé òfin 2018 tí ó dá wọn sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò bá àdéhùn mu padà. Mo ti kọ tèmi.

Páálí náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú sẹ́lótéèpù rẹ̀, ẹni tí ó bá wà ní Adó lè wá wò ó. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ní férémù kẹ̀kẹ́ Tiger ìbẹ̀rẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù, onírọ́bà, mo fẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n kí ó gbé e wá, kí a jọ kà á, kí ó tó gbọ́ ohùn owó mi.